Nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, ẹnu náà dákẹ́: ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sọ síta

Bí ooru bá ṣàdédé mú ìyá ẹni àádọ́ta ọdún nídìí àtẹ rẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́, tí òógùn bò ó ní àárọ̀ tí ọyẹ́ ń fẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ibà ni. Á yà sí kẹ́míìsì, wọ́n á di oògùn ibà fún un. Bí oorun kò bá wá lóru, wọ́n á ní ó ń ronú jù. Bí orúnkún àti èjìká bá ń ro ó, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Bí inú bá wá ń tètè bí i sí ọkọ àti ọmọ, ìyẹn ló burú jù, torí àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìwà ìyá ti yí padà, pé kí wọ́n lọ wádìí ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ó lè lo oògùn mẹ́rin fún àìsàn mẹ́rin tí kò ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Mà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdọọdún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé láti fi la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa àsìkò tí nǹkan oṣù obìnrin ń dáwọ́ dúró. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé aṣòfin. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ṣì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìtìjú àti ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, á rí i pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ń kó àwọn ìyá sínú ewu, torí kò jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ orí yàtọ̀ sí èyí tó lè gba ẹ̀mí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù kì í ṣe àìsàn. Ẹyin tó wà nínú obìnrin láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ní iye. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, àpò ẹyin á máa dẹwọ́ iṣẹ́, họ́móònù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á sì máa dínkù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé láàárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin. Nínú ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí náà jẹ́ ọdún 48 àti díẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ kí obìnrin tó pé ogójì ọdún, ó yẹ kí dókítà gbọ́ sí i.

Ìgbà tí oṣù 12 bá pé gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, oògùn tàbí àìsàn ló fà á, ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti dúró pátápátá. Kó tó dìgbà náà, nǹkan oṣù lè máa ségesège: á wá lóṣù yìí, á fo oṣù méjì, á tún padà wá. Ẹ kíyè sí i o, oyún ṣì lè dé ní àkókò ségesège yìí. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ náà lè lóyún bó bá rò pé òun ti kọjá ibẹ̀ tí kò sì lo ìfètòsọ́mọbíbí.

Ẹ́sítírójìn tó dínkù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ìyá ń rí: ooru òjijì tó ń gba àyà bọ́ sí ojú, òógùn òru, àìrí oorun sùn, ìgbàgbé, ìbínú tàbí ìbànújẹ́ tí kò nídìí, ojú ara tó gbẹ, àti ìtọ̀ tó ń yọ́ síta bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín tàbí wúkọ́. Àwọn kan á ní ó ń ta àwọn lára bí ata. Funmilola OlaOlorun àti Taiwo Lawoyin ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Ohun tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn obìnrin náà ni oríkèé àti iṣan ríro, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló sọ ti ooru òjijì. Èyí ṣe pàtàkì, torí ooru nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ nípa àsìkò yìí mọ̀. Ìyá tí oríkèé ń ro ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ tàbí ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ lè má mọ̀ láé pé ó lè bá àsìkò náà tan.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní kọ̀rọ̀

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pè é. Àwọn ìyá á ní "mi ò rí i mọ́", tàbí "nǹkan oṣù mi ti dúró", ẹni tó ń gbọ́ á sì ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ láìtijú ló wọ́n. Nígbà tí kò sì sí ibi tí òótọ́ ti lè jáde, àròsọ ló ń gba ipò rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àròsọ náà ni pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kò gbọ́dọ̀ bá ọkọ rẹ̀ sùn mọ́. Wọ́n á ní àtọ̀ á máa kó jọ sínú ilé ọmọ, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ tó máa fọ̀ ọ́ jáde, pé ikùn á wú, á di oyún ìju. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀ kì í kó jọ síbì kan nínú obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí ẹni ọgọ́ta. Apá kan á ṣàn jáde, ara á sì pa ìyókù rẹ́. Oyún ìju gan-an, tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ìdì, ẹ́sítírójìn ló ń gbé e ró, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Bí ikùn ìyá bá wá ń wú lẹ́yìn àsìkò yìí, kí wọ́n má di ẹ̀bi náà ru ọkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Àṣà kan tún wà lẹ́yìn àròsọ yìí. Nínú ìwádìí tí John Caldwell àti Pat Caldwell ṣe láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ bí obìnrin ṣe máa ń yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ bó bá ti di ìyá àgbà, torí ojú ń tì í kí ìyá àti ọmọ jọ máa bímọ pọ̀. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yàn bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sá fún ọkọ rẹ̀ torí pé ojú ara tó gbẹ ń dùn ún, tí kò sì lè sọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bàbá á rò pé wọ́n kọ òun, ìyá á máa bẹ̀rù kí ìyàwó kejì má wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú wà: jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà nílé oògùn wà, ìpara tí dókítà lè kọ fún un náà wà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí tún ń dùn jù ni obìnrin tó ṣì ń wá ọmọ. Létí tirẹ̀, "nǹkan oṣù ti dúró" dà bí ìlẹ̀kùn tó tì. Inú ọgbẹ́ yìí ni àwọn oníjìbìtì ń jẹ, tí wọ́n ń ta àgbo àti omi àdúrà tí wọ́n ní ó máa dá nǹkan oṣù padà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó yẹ kó rí ni dókítà tó máa sọ òótọ́ fún un pẹ̀lú àánú kí owó tó tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó padà wá

Ibí gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ ti lè pa èèyàn. Ká ní ìyá kan ti lo ọdún mẹ́ta láìrí nǹkan oṣù, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá ṣì ń wá ọmọ, ó lè máa dúpẹ́ pé nǹkan oṣù òun ti padà. Bó bá ti bímọ tán, ojú lè tì í, kó fọ aṣọ náà ní kọ̀rọ̀, kó sì panu mọ́. Ewu wà nínú méjèèjì.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lẹ́yìn oṣù 12 tí nǹkan oṣù ti dúró, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan péré, kì í ṣe nǹkan oṣù, ó sì yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí kò le ló máa ń fà á, bí ojú ara tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ìwádìí káàkiri àgbáyé fi hàn pé nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹyọ kan ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Bí a bá tún yí i padà, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ní jẹjẹrẹ yìí lẹ́yìn ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ló rí ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni pé ara máa ń kìlọ̀. Bí wọ́n bá tètè gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ìtọ́jú sábà máa ń kẹ́sẹ járí. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tó jẹ́ ìkejì tó wọ́pọ̀ jù láàárín obìnrin Nàìjíríà, náà lè fi ẹ̀jẹ̀ hàn.

Kò sí pé ibi tí wọ́n á lọ jìnnà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Bowen náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìránṣẹ́ Baptist dá sílẹ̀ ní 1907. Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, UCH Ìbàdàn kò sì jìnnà sí i. Ohun tó jìnnà ni àyà láti ṣí ẹnu sọ pé "mo tún rí ẹ̀jẹ̀".

Òkè òkun ń pariwo

Àwọn tó ń sọ ọ́ síta rí èrè rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 2024, òṣèré Halle Berry dúró níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó pariwo pé òun wà ní àsìkò yìí, nígbà tí àwọn aṣòfin kan ń gbé àbá owó ìwádìí kalẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin 2023, obìnrin lè san owó ẹ̀ẹ̀kan fún oògùn họ́móònù tó máa lò fún odidi ọdún kan.

Oògùn họ́móònù yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà dẹ́rù ba gbogbo ayé pé ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú àti àìsàn ọkàn, ọ̀pọ̀ obìnrin sì jáwọ́. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n fi ṣe é ju ọgọ́ta ọdún lọ. Fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá 2025, FDA Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìkìlọ̀ ńlá tó wà lára páálí oògùn náà. Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà jẹ ní kẹ́míìsì. Kò bá ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí mu, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ní iṣan rẹ̀ rí. Dókítà ló máa sọ.

Ta ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wo aláboyún ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yòówù ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á jókòó pọ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì á sì fi orin kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ àti àmì ewu tó yẹ kí wọ́n sá fún. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdébìnrin ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ọjọ́ tirẹ̀, aláboyún ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìyá tó bí wọn ni kò ní. Ó dà bí ẹni pé ìgbà tí obìnrin lè bímọ nìkan ni ara rẹ̀ kan ìlú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ kò tíì tán lọ́rùn rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65. Olùkọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró ní 48 ṣì lè fi ọdún 17 dúró níwájú ọmọ iléèwé. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà mẹ́nu ba ìsinmi ìbímọ, kò mẹ́nu ba àsìkò yìí rárá. Ẹni tí kò sì níṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà, egungun rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, torí egungun máa ń tètè fúyẹ́ lẹ́yìn àsìkò náà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn náà á sì máa sún mọ́lé.

Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láì dúró de owó ńlá. Ìjọ Baptist pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ obìnrin wà nínú wọn. Àsàlátù wà ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ìyálọ́jà ń ṣèpàdé. Bí nọ́ọ̀sì kan bá wá bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kó sì dárúkọ àmì ewu náà ketekete, ìyá kan níbẹ̀ lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, torí abẹ́ òrùlé wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá tó bá ń ka èyí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti padà wá lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan. Kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.