RÉDÍÒ TÍ Ń GBA ÈSÌ

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe rédíò, nítorí pé bí ó bá ń fọhùn, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ìkòròdú mọ irú rédíò bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí láti ibẹ̀ ni Voice of Nigeria ti bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn wà tí ń gba èsì, òun ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Rédíò àwọn tí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí ẹ̀kọ́ àti ìfẹ́ iṣẹ́ náà. Rédíò kékeré tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ kì í lè rìn jìnnà. Ilé àti òkè a máa dí i lọ́nà. Nítorí náà ni a fi ń gbé ẹ̀rọ tí à ń pè ní rípítà sí orí òpó gíga, kí ó lè gba ohùn tí kò lágbára, kí ó sì tún un sọ pẹ̀lú agbára.

Ní ọdún 1997, David Cameron ará Kánádà ṣe ètò IRLP. Ní ọdún 2002, Jonathan Taylor ará Amẹ́ríkà ṣe EchoLink. Àwọn ètò wọ̀nyí ń so rípítà ìlú kan mọ́ ti ìlú mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí rípítà bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ lè fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London sọ̀rọ̀.

Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ àwọn báńkì kan sì dojúrú. Rípítà tí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan so pọ̀ lè má lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ará Ìkòròdú mọ̀ pé bí títì bá dí, ọ̀sà ṣì wà, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé òun dé Èbúté Èrò. Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí rípítà Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú, kí wọ́n ní bátìrì àti iná oòrùn, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ọ̀nà kejì. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lórí ọ̀sà, tàbí bí odò Ògùn bá ya wọ ilé lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹni tí ń ké fún ìrànlọ́wọ́ kò lè dúró de okùn Abidjan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi àwọn tí ń wá ìbò yín léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín jọ, ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ bí wọ́n bá tó o gbà. Òpó láìsí ẹni tí yóò fọhùn, igi lásán ni.