Tíkẹ́ẹ̀tì ojú títì: tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò jẹ̀bi, ẹ múra kóòtù

Ẹ̀yin òbí àtẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ máa ń wakọ̀ láti Sáńgò lọ sí Àtàn-Ọ̀tà, ẹ mọ bí títì yẹn ṣe máa ń rí láàárọ̀: tírélà iléeṣẹ́ níwájú, dáńfó lẹ́yìn, ọ̀kadà lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ làwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti lè dá yín dúró, kí wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Ẹni tó bá jẹ̀bi, kó lọ san owó ìtanràn ẹ̀ ní báńkì, kó má kówó fún ẹnikẹ́ni lójú títì. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi, tó fẹ́ẹ́ sanwó torí pé ẹ̀rù kóòtù ń bà á, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó já ìwé náà. Road Safety, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, jẹ́ tìjọba àpapọ̀. TRACE jẹ́ tìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ wò ó bóyá orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àtẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ rò ó bóyá ó tó ẹjọ́. Nínú àtẹ owó ìtanràn tí Road Safety ti ń lò bọ̀ láti ọdún pípẹ́, ti bẹ́líìtì jẹ́ 2,000 náírà, ti fóònù 4,000, ti láísẹ́ǹsì 10,000. Lójú tèmi, ẹni tí ò de bẹ́líìtì lóòótọ́, kó má wulẹ̀ fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò ní kóòtù. Àmọ́ tí láísẹ́ǹsì yín bá wà lápò, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ ò ní in, ìyẹn tó ẹjọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó tó di pé ẹ gbàgbé. Tí wọ́n bá ní táyà yín ti gbó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ bi í bóyá á lè jẹ́rìí. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì mú ojúlówó dání. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló ń wakọ̀, òun ló máa jẹ́jọ́, ẹ̀yin kọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń bà jẹ́ fáwọn àgbà wa jù nìyí. Láti kékeré la ti kọ́ wa pé ká tètè tọrọ àforíjì. Tí akọ̀wé kóòtù bá wáá ka ẹ̀sùn tán, tó ní ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi, baba á ní, “Mo jẹ̀bi, sà, ẹ má bínú, àgbà ló dé.” Ó parí! Kò sídìí láti pe ẹlẹ́rìí mọ́, iye tí baba máa san ló kù. “Mi ò jẹ̀bi, sà” ti tó. Kì í ṣe àfojúdi rárá, ìbéèrè ni wọ́n bi yín, ẹ sì dáhùn ẹ̀.

Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 wà lẹ́yìn yín. Ó ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò tíì jẹ̀bi títí ẹ̀rí á fi gbé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà lédè tó yé yín, kí wọ́n sì fún yín láyè láti múra. Ẹ lè fúnra yín rojọ́, ẹ sì lè gba lọ́yà. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ ní kí wọ́n fún yín lógbufọ̀; ẹ ò ní í san kọ́bọ̀. Kódà, tó bá jẹ́ kóòtù alágbèéká etí títì ni wọ́n gbé yín lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ lè fi sùúrù bẹ májísíréètì pé kó sún ẹjọ́ síwájú kẹ́ ẹ lè múra.

Ẹ tún láṣẹ láti bi òṣìṣẹ́ tó mú yín léèrè ọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kó jẹ́ ìbéèrè kúkúrú: Níbo lẹ dúró sí? Kí lẹ fojú yín rí? Ǹjẹ́ mo fún yín níwèé ọkọ̀ mi? Tó bá ti dáhùn, ẹ má bá a jiyàn.

Àwọn kan á ti máa rántí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, nígbà tí Adájọ́ Evelyn Maha sọ pé kò sófin tó fún àwọn VIO ìlú náà láṣẹ láti máa dá ọkọ̀ dúró, gbà á, tàbí búwó ìtanràn fáwakọ̀. Agbẹjọ́rò kan, Abubakar Marshal, ló pẹjọ́ yẹn. VIO Ábújá lẹjọ́ náà dá lé lórí, nítorí náà, ẹ má gbé e ko òṣìṣẹ́ lójú ní Sáńgò. Kóòtù ni ẹ ti máa lò ó, tí lọ́yà yín bá rí i pé ó wúlò.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ jí lọ sí kóòtù l'Ọ́tà, torí wọ́n lè má tètè pè yín. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lo oògùn ẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó má gbààwẹ̀ kóòtù o; kó gbé oúnjẹ àti omi dání. Ẹ mú awò ojú yín, ẹ sì pa fóònù kẹ́ ẹ tó wọlé. Tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kẹ́ ẹ fi gba ohun yòówù tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sínú ọkọ̀.