Fàdákà Nínú Imú

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, eruku a bo ilé, imú a sì dí. Ephedrine ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà kán sí i. Kò sí fàdákà nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń lò ó lálòjù, imú rẹ̀ yóò tún máa dí padà. Omi fàdákà tí àwọn kan ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ mí lóminú. Wọ́n ní ó ń wo ọ̀fìnkìn, ó ń wo awọ, ó ń wo ohun gbogbo.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Albert Barnes, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti Hermann Hille, ará Jámánì, fi fàdákà ṣe oògùn kan tí wọ́n pè ní Argyrol. Wọ́n ń kán an sójú ọmọ tuntun kí àtọ̀sí ìyá má ba fọ́ ojú náà, ó sì wúlò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá ń kán an sí imú pẹ̀lú. (Owó rẹ̀ ni Barnes fi kó àwọn àwòrán àti ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà jọ, tí wọ́n wà ní Philadelphia títí di òní.)

Ìkán ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni ó ń ba awọ jẹ́ bí kò ṣe ti ojoojúmọ́, oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Fàdákà a gba imú àti ọ̀fun wọ inú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì jókòó sínú awọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a wá sọ ọ́ di dúdú, bí ó ti ń ṣe sí fíìmù àwọn ayàwòrán àtijọ́. Ojú àti ọwọ́ tí aṣọ kì í bò a dàbí eérú tàbí aró. Argyria ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ wo erìgì, funfun ẹyinjú àti ìdí èékánná. Kì í dunni, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ìtànṣán lésà lè dín in kù lára àwọn kan. Ìpara abóra kò lè ràn án rárá.

Ní 1999, FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé a kò lè ka irú oògùn fàdákà bẹ́ẹ̀, tí à ń rà láìgba ìwé dókítà, sí èyí tí kò léwu tàbí tí ń ṣiṣẹ́. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ó tún kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn tí ń tà á.

Bí imú ọmọ bá dí, omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú wà ní kẹ́míìsì. Ẹ ka ara igo kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí “silver” tàbí “argentum”, ẹ dá a padà. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí imú kò là, ilé ìwòsàn ni ó kàn, bíi ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mú igo tí ẹ ti ń lò dání, kí dókítà lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.