Ẹ̀sọ̀ Lọ́wọ́ Olùtọ́jú: Òwe àti Oúnjẹ Ẹni tí Àrùn Jẹjẹrẹ Ti Wọ̀ Lára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ tí òwe yìí ń sọ kì í ṣe ìlọ́ra, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwà ẹni tó fara balẹ̀ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó mọ ibi tó rọ̀ àti ibi tó le, tó sì fọwọ́ mú un bó ṣe yẹ ni. Àwọn àgbà ti fi òwe náà pẹ̀tù sí ìjà tọkọtaya àti aáwọ̀ àwọn ọmọ tó ń pín ogún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kì í sábà rántí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni àìlò rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdílé ní jàǹbá, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ti tàn ká ara rẹ̀, tí oúnjẹ kò sì wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìkà ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa fi oúnjẹ dààmú aláìsàn. Yorùbá gbà pé oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ẹni tó bá ń jẹun ni ara rẹ̀ ń dán, òun ló sì ń lókun. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣàìsàn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé ṣé ó ń jẹun. Bí wọ́n bá ní ó ń jẹ, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò jẹ, ẹ̀rù á ba tẹbí tará. Àlejò tó wá kí aláìsàn á wo ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ mà ti rù o, ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ ni?", kò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti gún ìyàwó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́kàn, ẹni tó ti dáná lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì ń padà bó ṣe gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni àwọn ará ilé ọkọ ti fẹ̀sùn kàn pé àìbìkítà wọn ló sọ ọkọ di egungun, nígbà tó jẹ́ pé àrùn ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ló para pọ̀ di agbára tí òwe náà ń kìlọ̀ fún.

Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀sọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé rírù ẹni tí ebi ń pa yàtọ̀ sí rírù ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ebi lásán ni, ara máa ń jó ọ̀rá tó ti kó pamọ́, ó sì máa ń ṣún ẹran ara lò, débi pé bí oúnjẹ bá dé, ẹni náà á tún sanra padà. Nínú jẹjẹrẹ, àrùn náà àti àwọn ohun tí ara fi ń bá a jà máa ń tú àwọn kẹ́míkà kan sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń lọ bá ọpọlọ láti pa ìfẹ́ oúnjẹ, tí wọ́n sì ń mú kí ara máa wó ẹran ara rẹ̀ palẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn ń jẹun. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní cachexia. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lórí ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n ní ó jẹ́ pípàdánù ẹran ara tí oúnjẹ nìkan kò lè dá padà tán, àti pé ọ̀kan lára àmì rẹ̀ ni kí ènìyàn pàdánù ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ láàárín oṣù 6 láìjẹ́ pé ó ń dín oúnjẹ kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70, tó wá fi ju kílò 3 àtààbọ̀ lọ rù, ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ yìí nìkan tó láti gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyàwó tó ń se oúnjẹ àti lórí aláìsàn tí kò lè jẹ ẹ́.

Ibi tí a kò bá ti mọ èyí ni agbára ti ń wọlé. Ọmọbìnrin kan á jókòó ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àmàlà àti ewédú, á máa bẹ̀bẹ̀ pé, "Màámi, òkèlè kan péré, ẹ gbà á nítorí tèmi." Ìyá á la ẹnu nítorí àánú ọmọ, kì í ṣe nítorí ebi, á fi òkèlè náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì dúró títí ọmọ á fi yíjú sí ibòmíràn kó tó tu ú sínú áńkáṣíìfù. Bí ó bá gbé e mì, ó lè bì í, ó sì lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì di òtútù àyà fún ẹni tí kò ní agbára tí yóò fi húkọ́ rẹ̀ jáde. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìró ṣíbí lára àwo nìkan á tó láti mú kí aláìsàn yíjú sí ògiri. Oúnjẹ tó yẹ kó kó wọn jọ ti di ìjà láàárín ìyá àti ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń le koko nìyẹn.

Ẹ̀sọ̀ kò ní kí a kó àwo kúrò nílẹ̀ kí a sì máa wòran. Iṣẹ́ ni ẹ̀sọ̀ jẹ́, ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tan iná tọ́ọ̀ṣì, kí a wo ahọ́n, abẹ́ ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ohun funfun tó dà bíi wàrà tó dì bá wà níbẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn olú tó máa ń mú ẹni tí ara rẹ̀ ti rẹ̀, oògùn bíi nystatin sì lè wò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí à ń bá wí pé kò fẹ́ jẹun lè jẹ́ ẹni tí ata ń ta lójú egbò. Bí itọ́ bá ti gbẹ, tàbí tí oògùn jẹjẹrẹ ti bó ẹnu, a lè po ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré bákín sódà àti ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí ó máa fi yọ ẹnu kí ó sì máa tu ú dànù lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Omi ìfọnu tí ọtí wà nínú rẹ̀ kò dára fún un, nítorí pé á tún ta á lẹ́nu ni.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ikùn. Mọ́fíìnì tí wọ́n ń fún aláìsàn fún ìrora máa ń mú kí ìfun fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò sì tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan kò lè ní àyè fún oúnjẹ. Ìdí nìyí tí oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ fi yẹ kó máa bá mọ́fíìnì rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé kí a wá dá mọ́fíìnì dúró o, nítorí ìrora tí a kò tọ́jú pẹ̀lú máa ń lé oúnjẹ sá. Ẹ̀dọ̀ tó wú tàbí omi tó kún inú lè fún àpòlúkù mọ́lẹ̀, tí aláìsàn á fi yó lẹ́yìn ṣíbí mẹ́ta. Ìrìndọ̀ ní oògùn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a lò ó ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti bì tán. Dókítà tó bá kàn sọ fún ẹbí pé kí wọ́n rí i pé aláìsàn ń jẹun dáadáa, tí kò sì yẹ ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí wò, kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Lórí oúnjẹ gan-an, díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè ló dára ju àwo ńlá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lọ, nítorí pé òkìtì ìyán nìkan tó láti dẹ́rù ba ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní lè jẹ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń lè jẹun ní òwúrọ̀ ju alẹ́ lọ. Oúnjẹ tó ti tutù díẹ̀ kì í ní òórùn bíi ti èyí tó ń hó, nítorí náà kí a jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí a tó gbé e fún un, kí a sì máa dín nǹkan jìnnà sí yàrá rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu tí a fi mílíìkì àti ẹ̀pà lílọ̀ sí, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí ẹyin àti edé wà nínú rẹ̀ tí ata kò sì pọ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀: nínú ṣíbí díẹ̀ irú àwọn wọ̀nyí ni okun pọ̀ sí ju inú omi ọbẹ̀ lọ. Bí ẹran bá ń kan án lẹ́nu bí irin, kí a fi ẹyin tàbí ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀, kí a sì fún un ní ṣíbí oníke. Kí ó jókòó nàró nígbà tó bá ń jẹun àti fún bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì ń húkọ́ nígbàkígbà tó bá mu omi, kí wọ́n tètè sọ fún oníṣègùn.

Irú agbára kan tún wà tó ń gba ẹ̀yìn wọlé, òun ni èèwọ̀. Wọ́n á ní ṣúgà ló ń bọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á gba mílíìkì, wọ́n á gba ẹran, wọ́n á wá fi ife àgbo kíkorò kún inú ẹni tí àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí ẹ̀rí pé yíyẹra fún ṣúgà ń fi ebi pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó dájú pé ẹni tó ń rù á túbọ̀ rù bí a bá gba ìwọ̀nba ohun tó lè jẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ yìnyín dídùn ló wù ú ní agogo méjì òru, kí wọ́n fún un.

Àwọn oògùn wà tó lè ta ìfẹ́ oúnjẹ jí, bíi dexamethasone fún ìgbà díẹ̀ àti megestrol, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ẹran ara padà, èyí èkejì sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Bákan náà, nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ASCO, gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí a má sọ fífi rọ́bà tàbí abẹ́rẹ́ ojú iṣan bọ́ ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti gbilẹ̀ di àṣà fún gbogbo aláìsàn. Ọ̀ràn ẹni tí kókó dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì lágbára, tí ebi sì ń pa á, yàtọ̀. Rọ́bà lè jẹ́ àánú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mímọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà lára ẹ̀sọ̀.

Ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ á ní kí a dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ní ọjọ́ tí ikú bá ti sún mọ́lé, ara kì í lè lo oúnjẹ mọ́, ebi àti òùngbẹ pàápàá sì máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Omi tí wọ́n bá fà sí i lára lè lọ dúró sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, kí èémí rẹ̀ sì túbọ̀ nira. Ó máa ń dun ẹbí láti gba èyí, nítorí ó dà bíi pé àwọn ni wọ́n fi ebi pa ènìyàn wọn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àrùn ló ń pa á lọ, àìjẹun rẹ̀ sì jẹ́ ara àmì pé ó ń lọ. Ọwọ́ tó ń fi òkèlè bọ́ ọ ṣì níṣẹ́ láti ṣe: kí ó fi òwú tútù nu ètè àti ahọ́n rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ó fi ìpara díẹ̀ ra ètè náà kí ó má baà là, kí ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìmọ̀ tó kó gbogbo èyí jọ ni ìtọ́jú ìtura, ìyẹn ìtọ́jú tó ń wá ìrọ̀rùn aláìsàn àti ti ẹbí rẹ̀ nígbà tí àrùn kò ṣeé wò tán. Dókítà Cicely Saunders ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ṣí St Christopher's Hospice ní 1967. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó ṣáájú nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn University College Hospital (UCH) ní Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Kí ìdílé má dúró di ìgbà tí dókítà bá ní kí wọ́n máa gbé ènìyàn wọn lọ sílé kí wọ́n tó béèrè fún irú ìtọ́jú yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ náà ti tàn ni kí wọ́n ti béèrè. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ lọ kí aláìsàn jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ rírù sílẹ̀, kí ó kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kú iṣẹ́, kí ó sì bi aláìsàn léèrè ohun tó wù ú láti gbọ́.