Bí àgbà bá ń ṣubú léraléra
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí Màmá tàbí Bàbá bá ń ṣubú léraléra, iṣẹ́ ayé ni wọ́n máa ń pè é.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 684 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Ẹsẹ̀ ti rọ, ojú kò ríran dáadáa mọ́, oògùn oorun tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè mú kí òòyì kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì. Balùwẹ̀ tó ń yọ̀ àti òkùnkùn òru á wá parí rẹ̀.

Kí àgbà jókòó sójú kan kọ́ ni àtúnṣe. Àìrìn túbọ̀ ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára ni. Ó yẹ kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Kí àwọn ọmọ kó gbogbo oògùn wọn lọ bá dókítà, kí wọ́n ri irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Owó irin ìdìmú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìtọ́jú egungun itan tó kán. Ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba máa bi gbogbo arúgbó bóyá ó ti ṣubú rí. Ìṣubú àkọ́kọ́ ló yẹ ká ti wo ẹ̀yìn.