"Ẹmu Ni Ẹmu Ń Jẹ́": Gbólóhùn Tí Ó Ń Bu Omi Sínú Agbè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì lè gbé e mì mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa mélòó kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ péjọ sí ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Èrúwà. Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù dé, ó sì gbé ìgò bíà mẹ́rin bọ̀, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ń pọn nínú ilé àdúrà tí wọ́n ń gbé. Ó rọra dà á sínú ife. Ó wo àwọ̀ rẹ̀ lójú iná, ó wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe ń ru, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì mú ìwé kékeré kan jáde láti fún ìgò kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ọ̀kan gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, òmíràn gba mẹ́fà. Èyí kò burú. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i.

Lẹ́yìn náà ni onílé gbé agbè ẹmu kalẹ̀. Mo ní kí ọ̀rẹ́ wa fún òun náà ní máàkì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹmu ni ẹmu ń jẹ́. Kí ni ènìyàn fẹ́ dá lẹ́jọ́ nínú ẹmu? Yorùbá kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe é." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi bàbá adẹ́mu tí ó gbé ẹmu náà wá. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú o. Ọ̀pẹ méjì ni mo pò pọ̀ sínú agbè yìí. Ọ̀kan kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a, òun ni ó ń dùn yẹn. Èkejì ti pẹ́, òun ni ó ń mú lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu, ẹnu rẹ̀ yóò yà wọ́n sọ́tọ̀."

Láàárín ọ̀mọ̀wé àti adẹ́mu, ta ni onímọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ìtọ́wò kò pọ̀ lọ títí: dùn, korò, kan, ta, mú, tẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni a fi ń dá adùn lẹ́jọ́? Ohun tí ó dùn yàtọ̀ sí ohun tí ó dùn yùngbà. Ohun tí ó kan díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó kan títí tí eyín fi kan ẹni tí ó mu ún. Ẹmu lè ki, ó lè ṣàn, òórùn rẹ̀ sì lè ta sánsán. Àwọn atọ́tíwò òyìnbó a máa sọ̀rọ̀ nípa adùn tí ó ń kù lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá ti gbé ọtí mì. Àwọn baba wa ti sọ tiwọn tipẹ́: adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń lò. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ bíà ilé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n àti bíi kànáfùrù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù! Èwo nínú méjèèjì ni kò sí ní ọjà Ìgbò-Ọrà? Nígbà tí òyìnbó bá fi kànáfùrù ṣe àpèjúwe bíà, a ní ìmọ̀ ni. Nígbà tí adẹ́mu bá ní ẹmu rẹ̀ ń kan bí ọsàn, a ní kò ní ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó tilẹ̀ dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ mi rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò bíà rẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni pé ọtí náà ṣì wà láàyè nínú ìgò. Ó rí i ní ìsàlẹ̀ agbè, ó ní ìdọ̀tí ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwúkàrà ni ó pọ̀ nínú méjèèjì. Èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Saccharomyces cerevisiae, tí ó ń sọ ṣúgà inú bíà náà di ọtí, wà lára àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹmu láti ìgbà tí omi rẹ̀ bá ti kán sínú agbè. Láàárín wákàtí díẹ̀, omi dídùn ti di ọtí. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, ó di kíkan. Nítorí náà ni wákàtí fi ṣe pàtàkì sí adẹ́mu.

Yorùbá kò sì fi orúkọ kan pe gbogbo ọtí. Ẹmu ti ara ọ̀pẹ wá, ògùrọ̀ ti ara igi ògùrọ̀ tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ àbàtà. Àgbàdo ni a fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n ni a fi ń ṣe àgàdágídí, ọkà bàbà sì ní ọtí tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó bálì tí a ti mú hù wọlé ní ọdún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńláńlá sá tọ̀. Àwọn ìyá wa tí ń pọn ọtí ti ń rẹ ọkà kí ó lè hù láti ayé àwọn ìyá-ńlá wọn.

Kí ni àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù wá ṣe tí àwa kò ṣe? Wọ́n fún ohun tí wọ́n ní lórúkọ, wọ́n sì ṣọ́ orúkọ náà. "Dubbel" àti "Tripel" tí gbogbo ayé ń pè lónìí, ọ̀rọ̀ èdè Dutch ni wọ́n, fún ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́ta. Ilé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Westmalle ti ń ta "Tripel" rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí láti ọdún 1956. Ní ọdún 1997, àwọn ilé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Trappist dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bo orúkọ wọn. Bíà tí yóò bá gba àmì ẹgbẹ́ náà, inú ọgbà ilé àdúrà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti pọn ọ́n, lábẹ́ ojú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, èrè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ di ọrọ̀ ẹnì kan. Leffe ń jẹ́ orúkọ ilé àdúrà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá AB InBev ni ó ń pọn ọ́n. Kò ní àmì yìí. Ní ọdún 2016, UNESCO kọ àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀mù sínú ìwé àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ènìyàn.

Àwa náà ní ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ nínú ìtàn wa. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá gbé jáde ní ọdún 1952, adẹ́mu akọni inú ìtàn já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ọ̀mùtí paraku ni akọni yìí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹmu ni ẹmu ń jẹ́. Kò rí adẹ́mu mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì tọ òkú lọ sí ìlú àwọn òkú.

Ẹ má rò pé iyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí. Mo ti ra ẹmu lójú títì tí omi àti ṣúgà inú rẹ̀ ju ẹmu lọ, iye owó ojúlówó ni mo sì san. Bí olùrà kò bá lè sọ ohun tí ó yà èyí sọ́tọ̀ sí tòhún, kí ni adẹ́mu olóòótọ́ yóò jẹ lórí òógùn rẹ̀? Èrè kan náà ni ẹni tí ó gun ọ̀pẹ ní ìdájí ń jẹ pẹ̀lú ẹni tí ó ṣí ẹ̀rọ omi. Gbólóhùn ọ̀rẹ́ mi ni ó ń bu omi sínú agbè. Nígbà mìíràn, ohun tí ó ń wọ inú ọtí burú ju omi lọ: ní ọdún 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ̀ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers. Ẹnu kì í sábà dá májèlé yẹn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a máa bèèrè ibi tí ọtí ti wá àti ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó gbà pé ọtí ìbílẹ̀ kò ní ìyàtọ̀ kò ní bèèrè.

Àwọn kan yóò ní mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ọtí mímu. Rárá o. Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ìlera rẹ̀ kò gbà fún kó má mu. Ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu adẹ́mu ni mo ní kí a gbà sílẹ̀. Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kì í pa ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní Èrúwà, Ìgbò-Ọrà, Lánlátẹ̀ àti ìyókù Ìbàràpá méje, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ tọ àwọn adẹ́mu lọ. Ẹ bi wọ́n ní ohun márùn-ún: igi wo ni? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti ń dá a? Òwúrọ̀ ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́? Báwo ni ojú àti òórùn rẹ̀ ṣe rí? Báwo ni ó ṣe ń ṣe lẹ́nu, kí ni ó sì ń kù lẹ́yìn tí a bá gbé e mì? Ẹ kọ ọ́ gan-an bí wọ́n ṣe pè é ní ẹ̀ka-èdè Ìbàràpá, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ tètè lọ, nítorí ọmọ bàbá tí mo sọ yìí kò gun ọ̀pẹ. Ọ̀kadà ni ó ń gùn.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, a kò jà. Ojú ewé púpọ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé kékeré rẹ̀. Mo ní kí ó kọ "ọ̀pẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, Èrúwà" sí ọ̀kan, kí ó sì fún un ní máàkì tí ó bá tọ́ sí i, ì báà ṣe mẹ́rin péré. Bí bàbá bá gba mẹ́rin, yóò bèèrè ìdí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yóò sì ní láti fi Yorùbá ṣàlàyé.

Ire o.