Ìyá Aláṣọ Dantokpa àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan láàárín wa ṣì ń sọ pé Yorùbá kò lẹ́nu tí ó fi lè sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. A kò fara mọ́ ọn rárá.

Ní ọdún 1996, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń wá bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yóò ṣe máa sáré sí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ó sàn kí a to ọpọlọ kéékèèké mélòó kan sórí chip kan, kí wọ́n jọ pín iṣẹ́ ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí òun pẹ̀lú àwọn mìíràn dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà ń jẹ́ Afara Websystems. Afárá tiwa náà ni, àmì ohùn ni wọn kò fi sí i (ẹ jẹ́ kí a dárí jì wọ́n). Sun Microsystems rà á ní 2002. Ní 2005 ni UltraSPARC T1 jáde: ọpọlọ 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú iṣẹ́ 4 dání.

Báwo ni ọpọlọ kan ṣe ń mú iṣẹ́ mẹ́rin dání? Ẹni tó bá ti ra aṣọ ní Dantokpa rí ti mọ ìdáhùn. Bí ẹ bá béèrè àǹkárá tí kò sí lórí àtẹ, ìyá aláṣọ á rán ọmọ lọ sí sítọ̀ọ̀. Kò ní káwọ́ lẹ́rán títí ọmọ yóò fi dé. Á fi Fọ̀n dá ẹlòmíràn lóhùn, á bá ẹnì kẹta nájà ní Yorùbá, á wá ṣéńjì fún ẹnì kẹrin. Bí ọmọ bá dé, ó di ọ̀dọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni chip yẹn ń ṣe. Sítọ̀ọ̀ tirẹ̀ jìnnà. Àkókò tí ó fi ń dúró de ẹrù pọ̀ ju àkókò ìṣirò lọ fíìfíì.

Àwa wá jókòó sí kíláàsì, a ń hun ọ̀rọ̀ gígùn bí 'ẹ̀rọ-aṣe-iṣẹ́-púpọ̀-lẹ́ẹ̀kan-náà', tí ìyá náà kò ní gbọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà kò sì ní lò. Èyí ló ń dùn wá. Ẹ mú ìwé dání lọ sọ́jà ná.

Wọ́n lè ní àfiwé wa kò pé. Ṣùgbọ́n ìjà pàápàá bá a mu: bí ọmọ ìsọ̀ méjì bá ta ìgàn aṣọ kan náà fún ènìyàn méjì, wàhálà dé, ọpọlọ méjì tó ń pín sítọ̀ọ̀ kan máa ń kó sí irú rẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá ti là á sílẹ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan ti ń túmọ̀ 'thread' sí òwú. Ní ojú tiwa, 'oníbàárà' ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.